Ẹja Tí Ń Wo Ọkàn Ládàánì

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún Nùréènì Àjíṣọlá pé ẹja wà ní Ìkẹjà GRA tó lè wo ìpayà ọkàn sàn, ó béèrè bóyá wọ́n ń sè é ni tàbí wọ́n ń yan án.

Màrdíyyàh ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá mi, kì í ṣe ẹja jíjẹ. Inú tẹlifíṣọ̀n ló wà. Wọ́n á fi wáyà sí yín lórí, ẹ̀rọ á máa ka bí ọpọlọ yín ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ọkàn yín bá balẹ̀, ẹja á máa wẹ̀, àwòrán á mọ́lẹ̀ kedere. Bí kò bá balẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn. Díẹ̀díẹ̀, ọpọlọ yín á kọ́ bó ṣe máa balẹ̀ fúnra rẹ̀."

"Ọpọlọ mi á lọ sílé ẹ̀kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹja ni yóò sì jẹ́ tíṣà."

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó fi ẹ̀fẹ̀ náà sílẹ̀, nítorí ó rí i pé omi ti ń lé sí ọmọ náà lójú. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni omi kì í ti í jìnnà sí ojú Màrdíyyàh. Ti bàbá rẹ̀ ni kò tí ì yọ.

Kò sí ohun kan tó pamọ́ nínú ohun tó ń ṣe Nùréènì. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹja fi dà bí ẹ̀fẹ̀ létí rẹ̀. Òun ni ládàánì mọ́sálásí kékeré tó wà lẹ́yìn ojú irin ní Agége, ẹni tó ń pe àwọn ènìyàn wá sí ìrun. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń po ọ̀dà ní Ìlúpéjú ló ti ṣiṣẹ́. Láàárín ẹ̀rọ tó ń bú bí ìjì ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ sì ti le. Nígbà tó wá di ládàánì, àwọn tó ń gbé ní ìkángun àdúgbò máa ń sọ pé kò yẹ kí mọ́sálásí náwó sórí gbohùngbohùn rárá. Wọ́n ṣáà rà á. Wọ́n gbé e kọ́ sórí òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Nùréènì, nítorí ilé rẹ̀ ló sún mọ́ mọ́sálásí jù. Ẹnu rẹ̀ kọjú sí fèrèsé wọn.

Sàídátù ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí. "Bàbá Màrdíyyàh, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí nǹkan yìí sójú irin. Ó ń ṣe mí bíi pé inú ìkòkò ni mo wà, tí ẹ ń pe ìrun sínú rẹ̀."

Òun a sì fèsì pé, "Ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń pè. Àwọn tó kù, ẹ̀yìn rẹ ni wọ́n ń tọ̀."

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, gbohùngbohùn á wà níbi tó wà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, bó ti ń pe ìrun Àsùbáà lọ́wọ́, Sàídátù ṣubú ní balùwẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà kọ sílẹ̀. Nígbà tí Nùréènì ti ìrun dé, omi ṣì ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ, ara obìnrin náà kò sì tí ì tutù. Ìyá Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí, tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà, tí ògiri yàrá rẹ̀ sì fara kan balùwẹ̀, ló sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Kò ní ibi lọ́kàn, ẹkún ló ń sun. Ó ní, "Ó jọ pé mo gbọ́ tí ẹnì kan ké lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ohùn yín ló gba gbogbo ilé kan, sà. Mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́."

Àwọn tó dúró níbẹ̀ ní kó panu mọ́. Ó ti sọ ọ́ ná.

Nùréènì fúnra rẹ̀ kò lè gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ènìyàn bá ju òkò láti mọ́sálásí, yóò bà sí páànù ilé rẹ̀. Ládàánì tó mọ iṣẹ́ a máa ti ìka bọ etí méjèèjì bó bá ń pe ìrun. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bó sì ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: máíkì lórí irin níwájú, ìka nínú etí, ojú sí gábàsì.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó dúró, ó ti ìka bọ etí, ó gbé ìpè. Kò tí ì pe gbólóhùn kejì tán tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì bí àyà ẹni tí wọ́n ń lé. Òógùn bò ó. Ìpè náà já sí ikọ́, gbohùngbohùn sì gbé ikọ́ náà kárí àdúgbò. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbìyànjú, kò yàtọ̀. Ní ọsibítù, wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é, àníyàn ni. Nùréènì wò wọ́n. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n rí i pé ó ń ṣàníyàn. Àwọn tó kàwé ni.

Alhaji Sànní, alága ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, tó ń ta táìlì létí títì, ló gbé ọgbọ́n kan dé. Ó ní iṣẹ́ Ọlọ́hun kò gbọdọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Ó gbé fóònù rẹ̀ ti máíkì, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn ládàánì ilẹ̀ Lárúbáwá kan sì jáde, ohùn tó dùn bí oyin, tó ń fa ọ̀rọ̀ gígùn bí ẹni ń fa rọ́bà. Àwọn kan mi orí pé ó dára. Nùréènì jókòó ní sàfù ẹ̀yìn, ìlà ìrun tó kẹ́yìn, ó ń gbọ́ bí fóònù ṣe ń pe ọmọ ènìyàn wá jọ́sìn.

Kò pẹ́ tí èyí fi ṣẹlẹ̀: láàárín ìpè ìrun Àìlà, Lárúbáwá dákẹ́ lójijì. Ohùn ọmọbìnrin kan bú jáde lórí òpó, ó ń sọ fún gbogbo Agége pé kí wọ́n wá ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, pé ẹ̀bùn ń dúró de ẹni tó bá tètè forúkọ sílẹ̀. Alhaji Sànní sáré sí fóònù, ìka rẹ̀ ń wá ibi tí wọ́n ti ń pa á. Kí ó tó rí i, ọmọbìnrin náà ti tún un sọ.

"Ìpolówó ni," ni Alhaji wí, ojú ń tì í. "Àwọn tó ni ìkànnì náà ló ń tì í bọ̀ ọ́."

Nùréènì ní, "Mo gbọ́. Ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Alhaji. Bóyá òun ló mú kó yára pe ìpàdé. Níbi ìpàdé náà, wọ́n gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló gbọ́dọ̀ máa pe ìrun, wọ́n sì ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bẹ ní Ọ̀gbà tí ohùn rẹ̀ dára. Alhaji Sànní yíjú sí Nùréènì. "Bàbá Ládàánì, a ò lé yín o. Gbogbo wa la mọ ohun tójú yín rí. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di Jímọ́ọ̀ tó máa parí oṣù, tí ohùn yín ò bá tí ì padà, a ó mú ọmọ yẹn wá. A ò lè máa fi tẹ́tẹ́ pe ìrun."

Ọ̀rọ̀ náà tọ́, kò sì sí ohun tó ń roni lára bí ọ̀rọ̀ tó tọ́ láti ẹnu ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ ẹni. Nùréènì lọ sílé. Láti ìgbà tó ti fi ilé iṣẹ́ ọ̀dà sílẹ̀, nǹkan méjì ló ń gbé e dìde lórí ibùsùn: Sàídátù, àti ìpè. Ọ̀kan ti lọ. Bí wọ́n bá gba èkejì, kò mọ ohun tí yóò tún máa jí fún.

Èyí ló jẹ́ kó tẹ̀lé Màrdíyyàh lọ sí ọ̀dọ̀ ẹja.

Màrdíyyàh ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ nípa ilé ìtọ́jú náà. Ó ti san owó rẹ̀ sílẹ̀; bàbá rẹ̀ ní kó má sọ iye rẹ̀ fún òun, kí àìsàn kejì má baà gorí èyí tó wà nílẹ̀. Ilé ńlá kan ni, lábẹ́ igi tó ṣíji bo òpópónà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fi ẹsẹ̀ rìn bí kò ṣe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọdẹ. Máìgáàdì ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó ní ta ni wọ́n wá rí.

"Ẹja," ni Nùréènì wí.

Máìgáàdì náà kò yí ojú padà. Ó ní, "Ẹ máa wọlé, Bàbá. Apá ọ̀tún."

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń dúró, òórùn òdòdó wà láìsí òdòdó. Ọkùnrin kan tó wọ táì jókòó, ó kí Nùréènì dáadáa. Nùréènì bi í pé ṣé ó ti pẹ́ tó ti ń wá.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, sà. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Tẹ́lẹ̀, mi ò lè sùn. Ní báyìí, oorun ti dé."

"Ẹ ń sùn nílé?"

"Níbí, sà. Nílé kọ́."

Nùréènì mi orí. Ó ti rí ibi tí ènìyàn ti ń sanwó oúnjẹ, ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń sanwó omi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ibi tí wọ́n ti ń sanwó kí wọ́n tó sùn lórí àga.

Ẹni tó ni ibẹ̀ ń jẹ́ Akínfẹ́nwá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ẹ̀wù funfun tí kì í sì í ṣe dókítà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ Nùréènì. "Ẹ káàbọ̀, sà. Mo kan sáárá sí ìgboyà yín."

"Ìgboyà wo?"

"Pé ẹ wá, sà."

"Kẹ̀kẹ́ ni mo wọ̀."

Akínfẹ́nwá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀rín. Ó fi àwòrán kan hàn wọ́n, ó ń ṣàlàyé. "Ọpọlọ wa dà bí òkun, sà. Ó ní ìgbì. Tiyín ló ga jù. A fẹ́ kọ́ ọ kó rọlẹ̀ ni."

"Ìgbì kì í dédé ga. Ìjì ńkọ́?"

"Sà?"

"Ìjì tó gbé e sókè."

"Àwa ò wo ìjì, sà. Ìgbì là ń tọ́jú."

Nùréènì wo Màrdíyyàh. Màrdíyyàh ń wo ilẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ànúolúwapọ̀ ló mú un wọ yàrá tí ẹ̀rọ wà. Ó ń pè é ní Dádì, bí ẹni pé wọ́n ti jọ ń gbé pọ̀. Ó ní kí ó ṣí fìlà. Nùréènì kì í ṣí fìlà níwájú ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ó ṣí i. Ọmọ náà wo àtàrí rẹ̀ tó ń dán, inú rẹ̀ dùn.

"Dádì, orí yín dára fún iṣẹ́ yìí gan-an. Kò sí irun tó máa dí wa lọ́wọ́."

"Ó ti pẹ́ tí Ọlọ́hun ti ń pèsè rẹ̀ sílẹ̀ dè yín."

Ó fi nǹkan tútù tó dà bí ògì ṣíṣù kàn án lórí káàkiri, ó fi fìlà rọ́bà dé e, wáyà ń tú jáde lára rẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbàdo. Lẹ́yìn èyí, ó gbé ohun ìgbọ́hùn méjì tó nípọn bí ìrọ̀rí, ó fi bo etí rẹ̀ méjèèjì. Ariwo òkun ló ń jáde nínú rẹ̀. Gbogbo ohùn ayé kú. Ó rí ẹnu Ànúolúwapọ̀ tó ń mì, kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹja aláwọ̀ mèremère rọra yọ. Àwọn ẹja náà wò ó lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán sì ṣú bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ó jókòó níwájú òkùnkùn yẹn títí àkókò fi pé. Àyà rẹ̀ ń lù. Òógùn ń ṣàn bá ògì tútù náà sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn rẹ̀. Nígbà tí Ànúolúwapọ̀ ṣí etí rẹ̀, ó ní, "Ẹ má fi agbára mú un, Dádì. Ẹ kàn jẹ́ kó wá."

"Kí ni yóò wá?"

"Ìbàlẹ̀ ọkàn, sà."

"Ó mọ ilé mi. Kò wá."

Bí wọ́n ti ń padà lọ sí Agége nínú kẹ̀kẹ́, Màrdíyyàh béèrè bó ṣe rí.

"Ẹja ò dá mi mọ̀."

"Wọ́n ní ó máa ń pẹ́ díẹ̀, Bàbá mi."

"Wọn ò ní purọ́. Òkú ẹja náà máa ń pẹ́ kí ó tó wẹ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, nítorí náà bàbá rẹ̀ gbà láti tún lọ. Ó lọ, ó tún lọ. Òkùnkùn ni. Akínfẹ́nwá a máa yọjú, a máa wo ìlà tó ń gùn tó ń sọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, a ní ọpọlọ ń bá wọn jà. Nùréènì a máa rò ó lọ́kàn pé, bí àlejò bá wọlé tó fi nǹkan dí ènìyàn létí, tó sì dá òkùnkùn sí i lójú, kí ni ọpọlọ yóò ṣe bí kò bá jà? Ó ti pinnu pé òun yóò parí ohun tí ọmọ òun sanwó fún, kí òun sì jókòó de Jímọ́ọ̀ ìparí oṣù bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kan, ohun ìgbọ́hùn náà kọ̀. Ànúolúwapọ̀ tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó yọ ọ́, ó gbọ̀n ọ́n. Kò fọhùn. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká kúkú lò ó báyìí lónìí. Mo máa ṣí fèrèsé díẹ̀ kí ooru má pa yín." Ó ṣí i.

Nùréènì jókòó, etí rẹ̀ sí gbangba. Máìgáàdì ń bá ẹlẹ́pà kan ṣe àríyànjiyàn lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ̀pà náà ti bu. Ẹlẹ́pà ní ẹnu rẹ̀ ló bu. Ẹyẹ ń dún lórí igi. Ní ọgbà kejì, obìnrin kan gbóhùn sókè, ó ní, "Ayọ̀tọ́lá! Ayọ̀tọ́lá, níbo lo wà?"

Ohùn ọmọdébìnrin kan sì dáhùn láti ọ̀nà jíjìn pé, "Mo ń bọ̀, mà."

Lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹja yọ. Wọ́n kò lọ. Pupa, yẹ́lò, èyí tó ní ìlà bí aṣọ òkè, gbogbo wọn ń wẹ̀ kọjá nínú ìmọ́lẹ̀, omi náà sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ànúolúwapọ̀ pàtẹ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nùréènì rí i pé inú òun dùn, ó sì bínú sí ara rẹ̀, àgbàlagbà bíi tirẹ̀, tí inú rẹ̀ ń dùn pé ẹja gbà á láyè.

Nígbà tó tún lọ, wọ́n ti ra ohun ìgbọ́hùn tuntun, ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ànúolúwapọ̀ fi bò ó létí. Òkun dé. Ẹja sá lọ. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nùréènì ro ohun kan. Nígbà tí ọmọ náà yíjú sí kọ̀ǹpútà, ó fi àtàǹpàkò gbé ìdérí ọ̀tún kúrò létí díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ họ ara. Ó gbọ́ ìró bàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ẹnì kan tó ń fọ abọ́. Ẹja padà wá. Ó dé etí náà padà. Ẹja lọ. Ó tún gbé e. Wọ́n tún wá.

Ó jókòó jẹ́ẹ́, ìdérí kan lórí etí, ọ̀kan ní gbangba, ó sì ń ro nǹkan tó rí. Ohùn tirẹ̀ kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Kì í sì í ṣe máíkì. Láti òwúrọ̀ tí Sàídátù ti ṣubú, ara rẹ̀ ti kọ̀ jálẹ̀ pé wọn kò ní dí òun létí mọ́ láé, kì báà jẹ́ ìka, kì báà jẹ́ ìrọ̀rí. Ara náà kò sì sọ fún un. Ó ń lu àyà rẹ̀ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, òun sì rò pé àìsàn ni.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òun kò sunkún, kò sì ríran, títí wọ́n fi gbé ẹja wá.

Kò sọ fún Ànúolúwapọ̀. Bó bá sọ fún un, yóò sọ fún Akínfẹ́nwá. Akínfẹ́nwá yóò sì sọ ọ́ di orúkọ gígùn kan, yóò máa tà á. Nígbà tí ìtọ́jú ọjọ́ náà parí, Akínfẹ́nwá wo ìlà lórí kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ wò ó, sà. Ẹ wo ibí. Ìgbì yín ti rọlẹ̀. Ọpọlọ yín ti kọ́ ọ."

"Ó ti kọ́ ọ."

"Ṣé ẹ lè bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀, sà? A máa ká a sórí fóònù. Bí ẹ ṣe wà tẹ́lẹ̀, bí ẹ ṣe wà báyìí. Àwọn àgbàlagbà bíi tiyín kì í sábà gbà. Tí wọ́n bá rí yín, wọ́n á wá."

Nùréènì dé fìlà rẹ̀. "Kí n sọ kí ni?"

"Ohun tó wà lọ́kàn yín, sà."

"Ẹ sọ pé ẹ kì í wo ìjì. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn." Ó wá rò pé ọ̀rọ̀ náà ti le jù fún ẹni tó kí òun káàbọ̀ lójoojúmọ́. Ó fi kún un pé, "Ẹja yín dára. Ẹ máa tọ́jú wọn." Ó jáde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bi máìgáàdì bóyá ẹ̀pà náà bu lóòótọ́. Máìgáàdì ní ó bu.

Ní ọjọ́ Alámísì tó ṣáájú Jímọ́ọ̀ ìparí oṣù, Nùréènì lọ bá Alhaji Sànní ní ìsọ̀ táìlì rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ pe ìrun Alásárì. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe: kí wọ́n yí ẹnu gbohùngbohùn kúrò ní fèrèsé òun, kí wọ́n yí i sójú irin.

"Ojú irin kì í kírun, Bàbá Ládàánì."

"Àwọn tó ń wọ rélùwéè ń kírun."

"Láti ìgbà tí a ti gbé e síbẹ̀, kò sí ẹni tó ráhùn."

"Ẹnì kan ráhùn," ni Nùréènì wí. "Èmi ni mi ò gbọ́."

Alhaji Sànní wo ilẹ̀ láàárín táìlì rẹ̀. Ó gbé fóònù, ó pe ẹni tó ń bá wọn tún iná mọ́sálásí ṣe pé kó gbé àkàbà wá.

Nígbà tí àsìkò tó, Nùréènì dúró níwájú máíkì. Ènìyàn tó wà ní mọ́sálásí lọ́jọ́ yẹn pọ̀ ju bó ṣe máa ń rí ní ìrun Alásárì lọ. Àwọn mìíràn wá wòran. Màrdíyyàh wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, níbi tí àwọn obìnrin ń kírun sí. Nùréènì kọjú sí gábàsì. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ gòkè lọ sí etí, bó ti ń ṣe láti ọdún gbọọrọ. Ó dá a dúró. Ó jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan kùn lẹ́yìn rẹ̀. Alhaji Sànní sọ ọ́ jáde kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Etí yín ńkọ́, Bàbá Ládàánì?"

"Mò ń lò ó," ni Nùréènì fèsì. Lèmọ́ọ̀mù, tó jókòó síwájú, fi ọwọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìka nínú etí dára, ṣùgbọ́n kò sí nínú ọ̀ranyàn.

Ó gbé ìpè. Gbólóhùn kìíní jáde, ó gba ojú irin lọ. Àyà rẹ̀ lù lẹ́ẹ̀kan, ó lù lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn láti mọ̀ bóyá ènìyàn wà nílé. Ó gbọ́ ọ, ó sì fi etí sílẹ̀. Ó gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń yí kọjá. Ó gbọ́ àkàbà tí wọ́n ń fà kúrò lára ògiri. Ó gbọ́ abọ́ kan tó já bọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, tó ń yí lórí sìmẹ́ńtì. Ohùn tirẹ̀ ń bọ̀ láti òdìkejì ojú irin, ó ti rẹlẹ̀, bí ohùn ọkùnrin mìíràn. Ó dé gbólóhùn kejì, ó kọjá a. Ó dé ibi tí a ti ń sọ pé kí wọ́n wá sí ìrun, ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, nítorí pé bó bá dé ibẹ̀ ni Sàídátù máa ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ìrun rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá. Ó dúró kó mí.

Nínú èémí yẹn, láti inú ilé rẹ̀, ohùn Ìyá Ọpẹ́fẹ̀yìtìmí jáde. Kò pariwo rárá. Ó ń sọ pé kí ẹnì kan wá bá òun gbé garawa, ó wúwo.

Ẹnì kan dá a lóhùn pé òun ń bọ̀. Nùréènì gbọ́ ìpè náà, ó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, ó sì dúró títí ó fi gbọ́ tí wọ́n gbé garawa náà kúrò nílẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, ó jẹ́ kó máa ṣàn. Ó wá gbé ohùn sókè, ó pe èyí tó kù.